Ta Ló Ń Sọ Ìtàn Òkúta Wa?

Ní ọjà Kejetia ní Kumasi, ìsọ̀ kan wà tó jẹ́ pé ohun tó bá ti inú ilẹ̀ jáde nìkan ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Ẹfun jíjẹ wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n rọ roboto bí ẹyin, tí àwọn ará Ghana ń pè ní ayilo tàbí hyire, tí àwọn aboyún sì máa ń rà nígbà tí èébì bá ń dà wọ́n láàmú. Kánún wà, imí ọjọ́ wà, tìróò wà, òkúta ọlọ náà wà, ńlá àti kékeré. Ìyá tó ni ìsọ̀ náà gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá, wọ́n sì wà lára àwọn tí òfin ìjọba Busia lé kúrò ní Ghana ní oṣù kọkànlá ọdún 1969. Òun padà wá lẹ́yìn tó ti lọ́kọ.

Mo kúnlẹ̀ kí i, mo ra ẹfun díẹ̀, mo sì béèrè pé, "Màmá, níbo ni wọ́n ti ń wa ẹfun yìí?"

"Anfoega ni, ọmọ mi, lápá Volta lọ́hùn-ún."

"Kí ló wá sọ ilẹ̀ ibẹ̀ di ẹfun?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyẹn, Ọlọ́run ni kó o bi."

N kò bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn wà láyé tó jẹ́ pé iṣẹ́ tí wọ́n fi ń jẹun ni kí wọ́n máa bi òkúta ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì dúró gba èsì. Ohun tó ń ká mi lára ni pé òkúta ilẹ̀ wa ń dá wọn lóhùn, àwa tí a kọ́lé sórí rẹ̀ ni a kì í gbọ́ ohun tó sọ.

Kò jìnnà sí ìsọ̀ yẹn ni ọmọkùnrin kan ti ń ta àwòrán tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri ilé ẹ̀kọ́: àwòrán èso, ẹ̀yà ara, àwọn ààrẹ Ghana, àti ti àwọn dinosaur. Lórí èyí tó kẹ́yìn yìí, Tyrannosaurus rex ló gba àárín, Triceratops sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹranko Àríwá Amẹ́ríkà ni àwọn méjèèjì. Nigersaurus kò sí níbẹ̀, èyí tí wọ́n wú jáde nínú yanrìn orílẹ̀-èdè Niger, tí Paul Sereno àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fún lórúkọ ní ọdún 1999, tí eyín ẹnu rẹ̀ lé ní 500. Ọmọ Kumasi lè ka gbogbo orúkọ ara àwòrán yẹn láìwòwé, kó má sì mọ̀ pé ẹranko ńlá kan gbé ní aládùúgbò wa lókè lọ́hùn-ún. N kò dá ọmọ tó ń tajà lẹ́bi. Ohun tí wọ́n tẹ̀ fún un ló ń tà.

Àmọ́ dinosaur gan-an kọ́ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ọmọ àná ni wọ́n. Ìtàn tó wù mí jù ni ti àwọn ẹranko tó kọ́kọ́ wà láyé rárá, kí egungun tó wà, kí ojú tó wà, nígbà tí òmíràn nínú wọn kò tilẹ̀ ní ẹnu tí yóò fi jẹun.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ní ṣókí. Ayé yìí ti lo bíi bílíọ̀nù ọdún 4.5. Ohun ẹlẹ́mìí ti wà nínú rẹ̀ fún bíi bílíọ̀nù ọdún 3.5, ṣùgbọ́n fún èyí tó pọ̀ jù nínú àkókò yẹn, ohun tín-ín-tìn-tín tí ojú lásán kò lè rí ni wọ́n. Àwọn ohun alààyè ńláńlá tí àwọn onímọ̀ gbà pé ẹranko wà lára wọn kò yọjú nínú òkúta títí di nǹkan bí 575 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Ní ọdún 1946, Reginald Sprigg rí díẹ̀ nínú wọn ní àwọn òkè Ediacara ní Ọsirélíà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe àkókò náà ní Ediacaran. Ọ̀kan nínú wọn ni Dickinsonia. Ó rí pẹlẹbẹ bí ẹní kékeré tí a hun láti àárín lọ sí etí, kò lórí, kò lẹ́sẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi jiyàn lórí rẹ̀, bóyá ẹranko ni, bóyá olú ni, bóyá nǹkan mìíràn tí kò sí mọ́ láyé ni. Ní ọdún 2018 ni Ilya Bobrovskiy àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí àmì kọlẹ́sitẹ́rọ́ọ̀lù lára Dickinsonia kan ní Rọ́ṣíà tó ti pé 558 mílíọ̀nù ọdún. Ara ẹranko la ti ń rí ọ̀rá yẹn. Ọ̀rá kan náà tí dókítà ń kìlọ̀ fún wa pé kó má pọ̀ jù lára wa ló wá bá wọn yanjú ọ̀rọ̀ náà.

Báwo ni ohun tí kò ní egungun ṣe ń fi àmì sílẹ̀ sínú òkúta? Ẹni tó bá ti dé Ntonso rí, lójú ọ̀nà tó ti Kumasi lọ sí Mampong, yóò tètè lóye rẹ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń tẹ aṣọ adinkra. Wọ́n á gbẹ́ àmì sára èèpo igbá, wọ́n á tì í bọ inú aró dúdú tí wọ́n sè láti ara èèpo igi badie, wọ́n á sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ. Bí igbá náà bá fọ́ lọ́la, àmì rẹ̀ ti wà lára aṣọ. Àwọn ẹranko ìgbà náà sùn sórí ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun, ìjì gbé yanrìn dà lé wọn lórí, ara wọn jẹrà, àmì wọn kù sílẹ̀. Ẹrẹ̀ di òkúta, òkun gbẹ, ilẹ̀ ga sókè, òjò sì fọ ohun tó bò ó kúrò títí ẹnì kan fi gba ibẹ̀ kọjá tó sì bẹ̀rẹ̀ wò ó. Fọ́sìlì ni irú àmì bẹ́ẹ̀ ń jẹ́, gẹ́gẹ́ bí egungun tó di òkúta náà ṣe ń jẹ́ fọ́sìlì.

Ilẹ̀ tí Kejetia fúnra rẹ̀ wà lórí rẹ̀ ti pẹ́ ju gbogbo èyí lọ fíìfíì. Òkúta Birimian àti àwọn òkúta líle tó yọ́ wọ inú rẹ̀ ló wà lábẹ́ Kumasi, ọjọ́ orí wọn sì wà ní bíi bílíọ̀nù ọdún 2.1 sí 2.2. Inú Birimian yìí ni wúrà Obuasi ti ń jáde. Ní Gabon, nítòsí ìlú Franceville, òkúta tó fẹ́ẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ orí wà tí ooru inú ilẹ̀ kò bà jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni Abderrazak El Albani ti yunifásítì Poitiers àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kó ohun tó lé ní 250 jáde, tí wọ́n gbé ìròyìn rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn Nature ní ọdún 2010. Wọ́n ní ohun alààyè tó kóra jọ di ńlá ni wọ́n, ní bílíọ̀nù ọdún 2.1 sẹ́yìn. Àwọn mìíràn ní irọ́ ni, pé èròjà inú òkúta ló hù bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìjà náà kò tíì parí. Lójú tèmi, bí wọ́n bá tilẹ̀ jẹ́ ohun alààyè, kò jọ pé àwọn ni baba ńlá ẹranko. Àlàfo tó wà láàárín wọn àti Dickinsonia lé ní bílíọ̀nù ọdún kan àti ààbọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe rí: ìbéèrè tó tóbi bẹ́ẹ̀, Áfíríkà ni ẹ̀rí rẹ̀ wà.

Ní Kumasi, a kò lè máa retí irú ti Franceville. Ooru àti ìfúnpá tó bá wa kó wúrà jọ sínú òkúta Birimian pa ojú òkúta náà dà. Bí ohun ẹlẹgẹ́ kan bá ti wà nínú rẹ̀ rí, kò dájú pé ó yè é.

Àmọ́ ẹ jáde kúrò ní Kumasi, ẹ kọjú sí àríwá ìlà oòrùn, ẹ kọjá Ntonso. Kí ẹ tó wọ Mampong, ọkọ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́nkè. Òkè yẹn ni etí àwo ńlá kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní agbada Volta, etí kan náà tó gba Kwahu kọjá. Agbada yìí gba nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún ilẹ̀ Ghana, ó wọ Togo, ó wọ Benin, ó dé Burkina Faso. Yanrìn àti ẹrẹ̀ ló di òkúta níbẹ̀, ní ìpele-ní-ìpele, láti bíi bílíọ̀nù ọdún kan sẹ́yìn títí di bíi 500 mílíọ̀nù. Ẹ fi àkókò yẹn wé èyí tí mo ti sọ lókè. Ìgbà tí ẹranko àkọ́kọ́ yọjú láyé wà nínú rẹ̀ gbáko, ibi púpọ̀ nínú òkúta náà sì wà tí iná inú ilẹ̀ kò sè.

Ìpele kan wà nínú agbada yìí tí wọ́n ń pè ní Kodjari, orúkọ abúlé kan ní Burkina Faso. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni òkúta wẹ́wẹ́ àti ńlá wà tí wọ́n dà pọ̀ mọ́ ẹrẹ̀, irú èyí tí yìnyín ńlá máa ń wọ́ kó jọ nígbà tó bá ń rìn lórí ilẹ̀. Lókè rẹ̀ ni òkúta ẹfun wà, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì. Ó túmọ̀ sí pé yìnyín dé ilẹ̀ wa yìí nígbà kan rí, ilẹ̀ tó jẹ́ pé inú fíríìjì nìkan la ti ń rí i lónìí. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ so ó mọ́ àkókò kan tó parí ní bíi 635 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, nígbà tó jọ pé yìnyín bo ayé fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, títí dé àgbègbè ibi tí oòrùn ti ń mú jù. Ní ọdún 2004, Susannah Porter, Andrew Knoll àti Pascal Affaton gbé ìwádìí jáde lórí òkúta ẹfun yìí nínú agbada Volta. Lẹ́yìn tí yìnyín yẹn yọ́ ni ìtàn àwọn ẹranko ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í hàn nínú òkúta káàkiri ayé. Nítorí náà, ẹni tó bá ń wá ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín yìnyín àti ẹranko, ọ̀kan lára àwọn ìwé tó yẹ kó ṣí nìyí, ojú ewé rẹ̀ sì wà nílẹ̀ gbalaja láti Mampong dé Pendjari.

Pendjari yẹn náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní ọdún 1997, onímọ̀ kan, B. Amard, fún fọ́sìlì kékeré kan láti inú òkúta Benin àti Burkina Faso lórúkọ: Chuaria pendjariensis. Roboto ni, ó pẹlẹbẹ bí owó ẹyọ tí ọkọ̀ ojú irin gùn kọjá. Kì í ṣe ẹranko. Ó jọ pé ó sún mọ́ ewéko inú omi. Àwọn tó ń lọ wo kìnnìún àti erin nínú ọgbà ẹranko Pendjari kò mọ̀ pé ohun kan wà ní àdúgbò yẹn tó ń jẹ́ orúkọ ibẹ̀, tó sì ju kìnnìún lọ lọ́jọ́ orí ju bí a ti lè rò lọ.

N kò sọ pé Dickinsonia wà ní Mampong. Ohun tí mo ń sọ ni pé a kì í rí ohun tí a kò wá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn olùkọ́ gbà pé òkúta igbó Charnwood ti pẹ́ jù láti ní fọ́sìlì nínú. Ní ọdún 1956, ọmọbìnrin kan tó wà nílé ẹ̀kọ́, Tina Negus, rí ohun tó dà bí imọ̀ ọ̀pẹ lára òkúta náà. Ó sọ fún olùkọ́ rẹ̀, olùkọ́ ní kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ọmọkùnrin kan, Roger Mason, rí irú rẹ̀, wọ́n sì ránṣẹ́ sí Trevor Ford, onímọ̀ òkúta. Ní ọdún 1958 ó ti lórúkọ: Charnia masoni. Ọmọkùnrin ló ni orúkọ náà títí ayé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti wá ń dárúkọ Tina Negus báyìí. Ìtàn yìí kì í kúrò lọ́kàn mi. Ìdí tí wọ́n fi mọ Charnia ni pé ọmọ ilé ẹ̀kọ́ méjì rìn wọ inú igbó, wọ́n sì ti mọ ohun tí fọ́sìlì ń jẹ́ kí wọ́n tó wọ ibẹ̀. Àwọn ọmọ Mampong ń gun òkúta lójoojúmọ́. Ta ló ti sọ fún wọn pé kí wọ́n wo ẹsẹ̀ wọn?

Ọ̀rọ̀ orúkọ yìí ló gbé mi dé ibi tó ń bí mi nínú. Nígbà tí wọ́n ń la ojú irin ní gúúsù Nàìjíríà láyé òyìnbó, wọ́n rí egungun ní Ameki, ní ilẹ̀ Ìgbò. Wọ́n kó wọn lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 1916, Charles William Andrews sọ ọ̀kan nínú wọn, ẹyẹ òkun ńlá kan, ní Gigantornis eaglesomei, nítorí Eaglesome, ọ̀gá àwọn tó ń la ojú irin. Ní ọdún 1920 ó sọ òmíràn, ẹja àbùùbùtán àtijọ́, ní Pappocetus lugardi. Lugard ni o. Ẹni tó so àríwá àti gúúsù pọ̀ láìbi ẹnikẹ́ni léèrè ló tún wá jogún ẹja àbùùbùtán tó ti kú láti ogójì mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Òfin ìsọmọlórúkọ àwọn onímọ̀ kò gbà kí a yí orúkọ bẹ́ẹ̀ padà nítorí pé kò dùn mọ́ wa. Ní Namibia bákan náà, ọ̀kan lára àwọn fọ́sìlì Ediacaran tí wọ́n kọ́kọ́ fún lórúkọ láyé, Rangea, orúkọ Paul Range, òṣìṣẹ́ ìjọba Jámánì, ni Gürich fún un ní ọdún 1930.

Ẹ fi ìyẹn wé Togo. Nígbà tí Philip Gingerich àti Henri Cappetta kọ̀wé lórí ẹja àbùùbùtán àtijọ́ tí wọ́n rí nínú ibi tí wọ́n ti ń wa fọ́sífétì ní Togo, Togocetus ni wọ́n pè é, ní ọdún 2014. Òyìnbó ni àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ó kéré tán, ẹni tó bá gbọ́ orúkọ náà yóò mọ ibi tó ti wá.

Àwọn kan á ní orúkọ lásán ni. Kì í ṣe orúkọ lásán. Nínú ìwádìí tí Nussaïbah Raja àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde nínú Nature Ecology & Evolution ní ìparí ọdún 2021, wọ́n rí i pé bíi ìdá 97 nínú ọgọ́rùn-ún àkọsílẹ̀ fọ́sìlì tí àwọn onímọ̀ ń lò, tí wọ́n kó jọ láàárín ọgbọ̀n ọdún, ọwọ́ àwọn tó wà ní orílẹ̀-èdè olówó tàbí tó sún mọ́ olówó ló ti wá. Ẹni tó ń kó àkọsílẹ̀ jọ ló ń yan ibi tí wọ́n á gbẹ́, òun ló ń yan ìbéèrè tí wọ́n á bi òkúta, ilé rẹ̀ náà sì ni òkúta ń gbé lẹ́yìn náà. Akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tó bá fẹ́ rí egungun Ameki gan-an gbọ́dọ̀ tọrọ físà.

Ẹ sì má ṣe rò pé a kò nílò fọ́sìlì nílé. Owó epo rọ̀bì tí Nàìjíríà ń ná wà lórí fọ́sìlì. Kí wọ́n tó mọ ọjọ́ orí ìpele tí wọ́n gbẹ́ dé nínú Niger Delta, lẹ́bú òdòdó àtijọ́ àti àwọn ẹranko kékeré inú òkun tí kò tó orí abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń kà lábẹ́ maikirosikóòpù. Ní ọdún 1968, Germeraad, Hopping àti Muller, àwọn òṣìṣẹ́ Shell, tẹ ìwádìí ńlá kan lórí lẹ́bú bẹ́ẹ̀, Nàìjíríà sì wà lára ibi tí wọ́n ti kó o. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló ti kọ́ iṣẹ́ yìí, tí wọ́n mọ̀ ọ́n dójú àmì. Ṣùgbọ́n inú àpótí ilé iṣẹ́ epo ni púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n rí ń gbé. Sìmẹ́ńtì Ewékorò náà ńkọ́? Òkúta ẹfun tí wọ́n ń lọ̀ níbẹ̀ kún fún ìkarahun àwọn ẹranko òkun láti bíi ọgọ́ta mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Ilé tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbé ní ìpínlẹ̀ Ògùn àti Èkó, òkú ẹranko òkun ló gbé e dúró. Inú mi máa ń dùn láti sọ èyí fún àwọn onílé, ojú tí wọ́n sì fi máa ń wò mí kì í ṣe ojú ire.

Ìbéèrè tí mo ń retí ni pé, nígbà tí galamsey ti sọ odò di ẹrẹ̀, tí owó oúnjẹ ń ga lójoojúmọ́, kí ni a fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ẹranko tí kò lẹ́nu ṣe? Mo gbà pé ìbéèrè náà tọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: galamsey fúnra rẹ̀ jẹ́ èsì ìbéèrè kan ṣoṣo tí a kọ́ láti máa bi ilẹ̀, ìyẹn ni pé, èló ló wà nínú rẹ? Bí ọmọ bá dàgbà láìgbọ́ ìbéèrè mìíràn, ìbéèrè yẹn ni yóò máa bi ilẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi tán. N kò sọ pé fọ́sìlì yóò dá galamsey dúró. Mo ń sọ pé kò bójú mu kí ọlọ́pàá àti ṣọ́jà nìkan jẹ́ ẹni tó ń bá àwọn ọ̀dọ́ wa sọ̀rọ̀ ilẹ̀.

Àwọn ẹlẹ́sìn náà á fẹ́ bá mi wí. Èmi náà ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ 600 mílíọ̀nù ọdún máa ń mú kí àwọn kan yí ara padà lórí àga. N kò ní bá wọn jà níbí. Ohun kan péré ni mo fẹ́ kọ̀, ìyẹn ni àṣà tí àwa ọ̀mọ̀wé ní, pé gbogbo ohun tí onímọ̀ bá rí, a ó ní àwọn baba wa ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Àwọn kan ti sọ fún mi rí pé ìtàn Ifẹ̀, ti adìyẹ tó tan yanrìn sórí omi, ni ìmọ̀ òkúta. Rárá. Ìtàn Ifẹ̀ ní iyì tirẹ̀, ó sì ní ohun tó ń sọ nípa ẹni tí a jẹ́. A kò ní bu iyì kún un bí a bá fi ṣe asọtẹ́lẹ̀ agbada Volta.

Ní Accra, lábẹ́ ìlú náà àti ní etíkun rẹ̀, òkúta kan wà tí wọ́n ń pè ní Accraian. Òun kò pẹ́ tó ti Mampong, bíi 390 mílíọ̀nù ọdún ni. Fọ́sìlì inú rẹ̀ pọ̀: ìkarahun oríṣiríṣi, àti trilobite, ẹranko inú òkun tó ní ìkarahun oníṣẹ́po bí ti ọ̀kùn, tí kò sí láyé mọ́. Ní ọdún 1963, Saul, Boucot àti Finks kọ̀wé lórí wọn nínú Journal of Paleontology. Nígbà tí àwọn ẹranko yẹn wà láàyè, kò tíì sí òkun Atlantic láàárín wa àti Brazil. Ilẹ̀ kan ni wá. Àwọn baba wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bahia rékọjá omi tó jẹ́ pé ní bíi 100 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ la ilẹ̀ náà sí méjì pátápátá. Mo máa ń ronú nípa ìyẹn nígbàkigbà tí mo bá dúró ní etíkun Accra. Lónìí, ilé ń dìde lórí òkúta Accraian, omi òkun ń jẹ èyí tó kù, ó sì ṣòro kí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó ń gba ibẹ̀ kọjá mọ ohun tó ń tẹ̀ mọ́lẹ̀.

Kí ni mo wá fẹ́? N kò béèrè ilé ńlá alágbára bíi ti Lọ́ńdọ̀nù. Yunifásítì KNUST wà ní Kumasi níbí, ó ní ẹ̀ka tó ń kọ́ni nípa ilẹ̀ àti òkúta. Ti Legon wà ní Accra. Ti Ìbàdàn wà. Ibi gbogbo ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ láti wá wúrà, epo àti omi. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ìjọba san owó oṣù èèyàn méjì tàbí mẹ́ta tí iṣẹ́ wọn kò ní ju òkúta agbada Volta lọ, owó rẹ̀ kò tó owó epo tí ọkọ̀ mínísítà kan ń mu. Kí a sì fi í sínú ìwé àṣẹ pé òyìnbó tó bá gba òkúta kúrò nílẹ̀ wa gbọ́dọ̀ ní alábàáṣiṣẹ́ nílé tí orúkọ rẹ̀ yóò wà lórí ìwádìí náà, kó sì dá èyí tó ṣe pàtàkì jù padà lẹ́yìn tó bá ti wò ó tán. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Brazil nìyẹn, níbi tí òfin ọdún 1942 ti sọ fọ́sìlì di ti orílẹ̀-èdè. Ní ọdún 2023, ilẹ̀ Jámánì dá Ubirajara padà fún wọn, dinosaur kan tó ti kúrò ní Brazil láti ọdún 1995. Ariwo àwọn ọmọ Brazil lórí íntánẹ́ẹ̀tì wà lára ohun tó mú un padà wálé. Àwa kò lè pariwo lórí ohun tí a kò mọ̀ pé ó kúrò nílé.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ èdè fi kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìwádìí tí mo dárúkọ níbí, Gẹ̀ẹ́sì tàbí Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì wà lẹ́yìn ògiri owó. Ní Kejetia, Twi ni wọ́n fi ń ná ẹfun, Hausa ni wọ́n fi ń ná kánún nígbà mìíràn, Yorùbá ni èmi àti ìyá yẹn fi sọ̀rọ̀. Bí ìtàn òkúta kò bá sí nínú ọ̀kankan nínú àwọn èdè yìí, kò sí ní ọjà nìyẹn. Mo ti lo fọ́sìlì jálẹ̀ àpilẹ̀kọ yìí nítorí pé gbogbo wa lè gbọ́ ọ. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ Yorùbá tó sàn jù ú lọ, kó mú un wá, a ó jọ tọ́ ọ wò.

Ibi tí mo rò pé ó yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀ ni òkè Mampong. Kí àwọn olùkọ́ Kumasi kó ọmọ kíláàsì kan lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, pẹ̀lú ẹnì kan láti KNUST tó mọ òkúta, kí wọ́n fi ọwọ́ kan ìpele yanrìn tó ti wà níbẹ̀ kí ẹranko kankan tó ní ẹsẹ̀, kí wọ́n sì yà ní Ntonso lójú ọ̀nà láti rí bí àmì ṣe ń kù lẹ́yìn ohun tó tẹ̀ ẹ́. Wákàtí kan àti díẹ̀ ni ọkọ̀ yóò fi débẹ̀ láti Kumasi.